Òkè Ń Bú Níbi Tẹ́ ẹ Ń Lọ: Kí Ni Ṣíṣe?

Bí ìròyìn bá ti jáde pé òkè ayọnáyèéfín kan ń bú nílẹ̀ òkèèrè, fóònù ọ́fíìsì ìrìnàjò wa ní Ìbarà, Abẹ́òkúta, kì í sinmi mọ́. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n fagi lé ìrìnàjò yẹn ni?” Mo máa ń ní kí wọ́n fara balẹ̀. Iná kọ́ ló ń da ìrìnàjò ọ̀pọ̀ èèyàn rú, eérú ni, eérú sì ń dé ibi tí iná ò lè dé láéláé.

(Àwọn tó ń béèrè bóyá Olúmọ náà lè bú lọ́jọ́ kan, ẹ lọ sùn. Òkúta gíránáìtì ni, abẹ́ ilẹ̀ ló ti tutù tó sì gan láti ayébáyé. Òkè Kamẹrúùnù ní Buea lẹ lè máa bẹ̀rù: ó bú ní 1999, ó tún bú ní 2000.)

Eérú yìí kì í ṣe ti igi ìdáná. Bí ẹ bá fi ìka pa á, ó rí ṣákiṣàki bí ìgò tí wọ́n gún kúnná, nítorí àpáta àti gíláàsì ni lóòótọ́. Bó bá wọ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú, ooru ibẹ̀ á yọ́ ọ, á lẹ̀ mọ́ irin. Ní 1982, ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ British Airways kan kú lójú ọ̀run nítòsí erékùṣù Jáfà ní Indonesia. Ìgbà tí wọ́n jábọ́ kúrò nínú eérú ni wọ́n tó rí i ṣáná. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ti ojú òfurufú ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù pa fún bí ọjọ́ mẹ́fà ní oṣù kẹrin 2010, nígbà tí òkè kan bú ní Iceland.

Nítorí náà, ẹ má fọwọ́ ara yín fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì. Bí iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú bá fagi lé e fúnra wọn, ẹ lè gba owó yín. Bí ẹ bá yára ṣáájú wọn, ó lè jẹ́ kìkì owó orí inú rẹ̀ lẹ máa rí gbà. Bó bá jẹ́ Yúróòpù lẹ ti ń bọ̀, òfin ibẹ̀ ní kí wọ́n fún yín lóúnjẹ àti ilé ìtura títí ẹ ó fi gbéra, kódà bó jẹ́ eérú òkè ló fà á. Ẹ tọ́jú rìsíìtì.

Ọ̀rọ̀ adójútòfò ló ń dùn mí jù. Àwọn èèyàn wa máa ń ra èyí tówó rẹ̀ kéré jù nítorí físà Schengen, ìyẹn físà kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń wọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù. Ìtọ́jú àìsàn àti gbígbé aláìsàn wálé, tó 30,000 yúrò, ni físà ń béèrè. Kò ní kí wọ́n san owó òtẹ́ẹ̀lì bí eérú bá há yín mọ́. Ẹ bi wọ́n léèrè kẹ́ ẹ tó sanwó. Bí òkè bá sì ti ń bú kẹ́ ẹ tó rà á, wọ́n sábà máa ń ní àwọn ò ní san.

Ẹni tó fẹ́ lọ wòran ńkọ́? Ẹ má gba ọ̀rọ̀ afinimọ̀nà nìkan gbọ́, owó yín ló ń wò. Ní erékùṣù Whakaari, New Zealand, wọ́n ti gbé ìkìlọ̀ sókè ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń kó èèyàn lọ. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá 2019, ó bú mọ́ èèyàn 47 lórí. 22 ló kú. Ìkìlọ̀ ìjọba lẹ máa kà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ lọ gan-an.

Gáàsì tó ń jáde lábẹ́ òkè ayọnáyèéfín tún wà. Ní adágún Nyos, Kamẹrúùnù, 1986, kò síná, kò séérú, gáàsì tó tú jáde lábẹ́ omi ló pa èèyàn tó ju 1,700 lọ mọ́jú. Gáàsì yẹn wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, kòtò àti àfonífojì ló máa ń wọ́ sí, nítorí náà ẹ má pàgọ́ síbẹ̀. Bí eérú bá ń já bọ́, ẹ wọlé, ẹ ti fèrèsé, ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù. Ìbòjú N95 ló lè dá a dúró, kì í ṣe aṣọ adìrẹ tẹ́ ẹ fi wé imú. Ẹ yọ gíláàsì inú ẹyinjú, ẹ lo ti ojú. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée, kó má tiẹ̀ gun òkè náà rárá.