Pé wọ́n mọ̀ yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní kí wọ́n fọkàn tán yín

Ìgbàgbọ́ kan ti fẹsẹ̀ rinlẹ̀ láàárín àwọn tó ń ṣe òwò kéékèèké, pàápàá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbà pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni orúkọ wà láyé ìsinsìnyí. Bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn bá ti ń tẹ̀lé oníṣòwò lórí Instagram tàbí Facebook, tí fídíò rẹ̀ sì ń ti orí fóònù kan bọ́ sórí òmíràn, ó bùṣe, oníbàárà á máa wọ́ wá. Ohun tí aládùúgbò ń sọ ò já mọ́ nǹkan mọ́.

Ẹni tó bá gba èyí gbọ́, owó tó yẹ kó fi ra irinṣẹ́, orí ìpolówó ni yóò ná an sí. Àkókò tó yẹ kó fi parí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, fídíò ni yóò fi máa yà. Bí oṣù mélòó kan bá kọjá tí iṣẹ́ ò wọlé, á ní ìpolówó yẹn ni kò tíì tó. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí i, torí pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ló mọ iṣẹ́ wọn dunjú. Ibi tí orúkọ ti ń wá ni wọn ò mọ̀.

Ẹ wo irú òwò tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa ń ṣe. Ẹni tó ń tún fìríìjì ṣe, aránṣọ, onídìrí, ẹni tó ń tún páìpù omi ṣe, ẹni tó ń kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ nírọ̀lẹ́: ibi tí ẹsẹ̀ tàbí ọkọ̀ lè tètè dé ni oníbàárà wọn ń gbé. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá èèyàn tó ń tẹ̀lé aránṣọ láti orílẹ̀-èdè mìíràn lè máa yìn ín títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó máa gbé ṣòkòtò wá kó bá òun gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú.

Google pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú àlàyé tí ilé iṣẹ́ náà ṣe fún àwọn oníṣòwò, nǹkan mẹ́ta ló ní òun ń wò nígbà tí èèyàn bá ń wá oníṣẹ́ tó wà nítòsí: bí iṣẹ́ náà ṣe bá ohun tí onítọ̀hún ń wá mu tó, bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó, àti bí òwò náà ṣe gbajúmọ̀ tó. Iye rífíù, ìyẹn ohun tí àwọn oníbàárà kọ nípa oníṣẹ́, àti ìràwọ̀ tí wọ́n fún un, wà lára ohun tí wọ́n fi ń wo ẹ̀kẹta yẹn. Wọ́n tún sọ ọ́ gbangba pé kò sí ẹni tó lè sanwó kí wọ́n gbé òun ga sí i nínú èsì náà. Ìpolówó wà lọ́tọ̀, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sí i lára pé ìpolówó ni.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Páìpù kan bẹ́ nínú ilé lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. Obìnrin tó ni ilé náà kò kọ́kọ́ lọ sórí fóònù, ó pe ará ilé kejì, ó ní, “Ta lẹ máa ń pè?” Ìyẹn dá orúkọ kan fún un. Ìgbà yẹn ló wá tẹ orúkọ náà sórí fóònù. Àwọn tó fún ọkùnrin náà ní ìràwọ̀ márùn-ún kọ́ ló kọ́kọ́ kà. Ó wá èyí tó burú jù lọ nínú rífíù wọ̀nyẹn, ó rí ẹnìkan tó ń bínú pé ọkùnrin náà pẹ́ kó tó dé. Ó ka èsì tí onípáìpù fi sí i lábẹ́. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sórí ọ̀rọ̀ kan tí ẹlòmíì kọ: “Ó nu gbogbo omi tó dà sílẹ̀ kó tó lọ.” Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kó tẹ nọ́ńbà náà. Ta ló kọ ọ́? Ẹnìkan tó ń gbé ní òpópónà kejì ni, tí onípáìpù ti ṣiṣẹ́ fún nígbà kan.

Ohun tí àwọn èèyàn pè ní orúkọ orí íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Ẹnu aládùúgbò ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba orí fóònù kọjá, ó sì padà sí ẹnu ọ̀nà aládùúgbò mìíràn. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó wà nítòsí kò bá ní ohun rere kan láti sọ, kò sí ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì fẹ́ gbé kiri. Bí nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ bá sì jẹ́ èyí tí onípáìpù ti pa tì, gbogbo oore tí ará ilé kejì ṣe fún un já sí asán.

Àwọn kan á ní ṣebí ìwádìí ti fi hàn pé ìràwọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì ń mówó wọlé. Òótọ́ ni. Michael Luca ti Harvard Business School gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 2011 lórí àwọn ilé oúnjẹ ní ìlú Seattle, ní Amẹ́ríkà. Ó rí i pé bí ìràwọ̀ ilé oúnjẹ kan lórí Yelp, ìkànnì tí àwọn oníbàárà ti ń kọ rífíù, bá fi ẹyọ kan gòkè, owó tó ń wọlé fún un ń fi nǹkan bí 5 sí 9 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Àmọ́ àwọn ilé oúnjẹ tó dá dúró ni èyí ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn tó ní ẹ̀ka káàkiri, tí gbogbo èèyàn ti mọ orúkọ wọn, kò jèrè nǹkan kan nínú rẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: èèyàn ti mọ ohun tó máa bá nínú ilé oúnjẹ olórúkọ ńlá kó tó wọbẹ̀, ṣùgbọ́n ó nílò kí ẹlòmíì jẹ́rìí òwò kékeré fún un. Ta wá ni ẹlẹ́rìí ọ̀hún? Ẹni tó ti wọbẹ̀, tó jókòó, tó jẹun, tó sanwó ni. Mo rò pé ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ìwádìí bí èyí lò nìyẹn: wọ́n á gbọ́ pé ìràwọ̀ ń mówó wá, wọ́n á sì sáré lọ wá èrò tí yóò máa tẹ̀lé wọn. Ìràwọ̀ àti èrò tó ń tẹ̀lé èèyàn kì í ṣe ọmọ ìyá.

Ọ̀rọ̀ yìí kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Avner Greif, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, ṣe ìwádìí lórí àwọn Júù oníṣòwò kan tí wọ́n ń pè ní àwọn ará Maghreb, tí wọ́n ń ná ọjà káàkiri etí Òkun Mẹditaréníà ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Àwọn lẹ́tà wọn tí wọ́n rí ní Cairo ló fi ṣiṣẹ́. Oníṣòwò á kó ẹrù lé aṣojú rẹ̀ lọ́wọ́ ní ìlú tó jìnnà, láìní ọ̀nà láti máa ṣọ́ ọ. Ohun tó ń mú aṣojú hùwà ọmọlúàbí ni pé, bó bá rẹ́ ẹnìkan jẹ, lẹ́tà á gbé e kiri, àwọn yòókù kò sì ní gbé iṣẹ́ fún un mọ́. Lẹ́tà kò dá orúkọ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí èèyàn ṣe ló ń rù lọ síbi tí ẹsẹ̀ onítọ̀hún kò dé. Iṣẹ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣe lónìí nìyẹn, ó kàn yá ju lẹ́tà lọ ni, ó sì ń dé etí àwọn tí a kò mọ̀. Ilé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Àwọn kan wà ní òdìkejì tí àwọn náà ń ṣi ara wọn lọ́nà. Wọ́n ní, “Àdúgbò mọ̀ mí, kí ni mo fẹ́ fi íntánẹ́ẹ̀tì ṣe?” Oníbàárà àtijọ́ máa ń kó lọ, ó máa ń darúgbó, ó sì máa ń kú. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé kò mọ ẹni tí wọ́n lè bi, orí fóònù ni wọ́n ń wò. Kódà bí ẹ kò bá forúkọ sílẹ̀, ẹlòmíì lè fi òwò yín kún Google Maps, kó sì kọ wákàtí tí ẹ kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Ẹni tó bá wá lọ́jọ́ tí fóònù ní ẹ wà ní ṣíṣí, tó bá ilẹ̀kùn ní títì, kò ní bínú sí Google. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó yẹ kí ẹ gba ojú ìwé yín níbẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni, kí ẹ tún nọ́ńbà, àdírẹ́sì àti wákàtí iṣẹ́ ṣe, kí ẹ gbé àwòrán iṣẹ́ yín gan-an síbẹ̀.

Ohun tó ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ jù ni rífíù tí kò dára. Nígbà àtijọ́, ẹni tó bá bínú á sọ ọ́ fún ìdílé rẹ̀, ó tán. Ní báyìí, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì máa wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Síbẹ̀, ìwádìí tí ilé ẹ̀kọ́ gíga Northwestern gbé jáde ní 2017 fi hàn pé ìràwọ̀ 4.0 sí 4.7 ni àwọn èèyàn máa ń rà ọjà lé lórí jù. Bó bá ti ń sún mọ́ 5 gééré, ìfura ń wọlé. Kò sẹ́ni tó gbà pé oníṣẹ́ kan kò ṣẹ̀ rí. Nítorí náà, èsì tí ẹ fi sábẹ́ ẹ̀sùn náà ṣe pàtàkì ju ẹ̀sùn fúnra rẹ̀ lọ. Davide Proserpio àti Georgios Zervas wo àwọn hòtẹ́ẹ̀lì lórí TripAdvisor, ìkànnì tí àwọn arìnrìn-àjò ti ń kọ rífíù, nínú ìwádìí tó jáde ní 2017. Àwọn hòtẹ́ẹ̀lì tó bẹ̀rẹ̀ sí í fèsì fún oníbàárà rí i pé rífíù wọn fi nǹkan bí 12 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, ìràwọ̀ wọn náà sì gòkè díẹ̀.

Ẹ fi èsì méjì yìí wéra. Oníṣẹ́ kan kọ ọ́ pé, “Irọ́ ni. Ẹ ò tiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi rí, àwọn ọ̀tá ló rán yín.” Ìkejì kọ ọ́ pé, “Ẹ má bínú. Lóòótọ́ la pẹ́ lọ́jọ́ yẹn, iṣẹ́ tó ṣáájú ló dá wa dúró, ó sì yẹ ká ti pè yín. Bí ibẹ̀ bá tún ń jò, ẹ pè wá, a máa wá tún un ṣe láìgba owó.” Ẹni tó ń bínú lè má ka èyíkéyìí nínú méjèèjì. Obìnrin tí páìpù rẹ̀ bẹ́ lálẹ́ Sátidé ló máa kà á. Ẹyin lohùn, ẹni tó ń fi ìbínú tẹ̀wé ní aago méjìlá òru kò sì ní ráyè kó ẹyin náà mọ́. Ẹ sùn ná, kí ẹ fèsì láàárọ̀.

Ní ti ríra rífíù àti ríra èrò tó ń tẹ̀lé èèyàn, ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Ẹ̀tàn ni. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí FTC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, gbé kalẹ̀ lọ́dún 2024, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 21 oṣù kẹwàá ọdún náà, ti sọ rífíù irọ́ di ohun tí wọ́n lè torí rẹ̀ buwó ìtanràn léèyàn lórí, ó sì mẹ́nu ba ayédèrú èrò tí wọ́n ń tà fún oníṣòwò pẹ̀lú. Ká tilẹ̀ ní kò sófin, àwọn ará àdúgbò mọ ẹni tó ṣiṣẹ́ fún wọn àti ẹni tí kò ṣe é.

Ohun kan wà tí mi ò fẹ́ kí ẹ fojú kéré. Ojú ìwé yín lórí ìkànnì ẹlòmíì, ilé àyágbé ni. Ní 4 oṣù kẹwàá ọdún 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp dákú lọ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà káàkiri ayé. Oníṣòwò tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni àwọn oníbàárà ti lè bá a pàdé, ilẹ̀kùn rẹ̀ tì pa. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Google ti àwọn ojú ewé ọ̀fẹ́ tí òwò kéékèèké fi ń ṣe ìkànnì lọ́dọ̀ rẹ̀ pa pátápátá. Ìwé kan tí ẹ kọ orúkọ oníbàárà sí, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti iṣẹ́ tí ẹ bá a ṣe, kò sí ilé iṣẹ́ kankan tó lè tì í mọ́ yín.

Àwọn kan wà tí orí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ fún: ẹni tó ń ṣe ọjà tí wọ́n lè fi ránṣẹ́ síbi gbogbo, ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ẹni tó ń túmọ̀ ìwé. Àdúgbò tiwọn kò ní ààlà. Lọ́dọ̀ wọn náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀rí ń wọlé. Nínú ìdánwò kan tí Paul Resnick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2006, ọ̀gbẹ́ni kan ta káàdì ìfìwéránṣẹ́ àtijọ́ tó dọ́gba lórí eBay, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó fi orúkọ rẹ̀ tó ti pẹ́ níbẹ̀ ta díẹ̀, ó fi orúkọ tuntun ta ìyókù. Owó tí àwọn oníbàárà fẹ́ san fún orúkọ àtijọ́ fi nǹkan bí 8 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti tuntun lọ. Orúkọ náà kò ti ibi ìpolówó wá. Àwọn tó ti ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ọjà sì dé bó ṣe ṣèlérí, ló kó o jọ fún un.

Bí owó ọwọ́ yín kò bá pọ̀, tí ẹ sì ń bi mí pé ibo lẹ fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ oníbàárà tó wà níwájú yín ni mo máa tọ́ka sí. Lọ́jọ́ tí ẹ bá parí iṣẹ́, tí inú rẹ̀ dùn, kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ fi líǹkì tí Google fún yín láti fi gba rífíù ránṣẹ́ sórí WhatsApp rẹ̀, torí pé títí di ọjọ́ kejì ó ti gbàgbé. Ẹ má ṣe bẹ̀ ẹ́ fún ìràwọ̀ márùn-ún, ẹ má sì ṣèlérí ẹ̀bùn, Google kò fàyè gba ìyẹn. Ẹ kàn sọ fún un pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ iṣẹ́ tí mo ṣe fún yín síbẹ̀, bó ṣe rí gan-an, àti ibi tí kò tẹ́ yín lọ́rùn bó bá wà.”