Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Ìmọ̀ Wa Nípa Ẹ̀fọn Àmúlùmálà

Bí òjò bá ti ń rọ̀ ní Àkúrẹ́, tí omi sì dúró sínú ipa táyà ọkọ̀ ní àwọn àdúgbò tó wà lẹ́bàá odò Àlà, kì í pẹ́ tí tanwíji yóò fi kún inú rẹ̀, orúkọ kan ṣoṣo tí a sì ní fún ohun tí yóò fò jáde níbẹ̀ ni ẹ̀fọn. Ẹnikẹ́ni kò lè bá wa wí. Àwọn onímọ̀ pàápàá lo orúkọ Anopheles gambiae, tí Giles fún ẹ̀fọn ibà ní 1902, fún nǹkan bí ọgọ́ta ọdún kí ó tó hàn sí wọn pé odidi ìdílé ni wọ́n ń fi orúkọ ẹyọ kan pè.

Oògùn ẹ̀fọn ló fa ọ̀rọ̀ náà jáde. Ní àárín àwọn ọdún 1950, wọ́n fín dieldrin sára ògiri ilé ní apá ìwọ̀ oòrùn Ṣókótó títí oògùn náà kò fi ran àwọn ẹ̀fọn kan mọ́. George Davidson, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ross Institute ní Lọ́ńdọ̀nù, jẹ́ kí irú àwọn ẹ̀fọn bẹ́ẹ̀ gun èyí tí wọ́n kó láti Èkó, tí oògùn ṣì ń pa, ó sì rí i pé àbùdá kan ṣoṣo, tó ń ti ara òbí dé ara ọmọ, ló ń dáàbò bò wọ́n. Ohun tó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù ni èyí tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí òun àti àwọn mìíràn, tí H. E. Paterson wà lára wọn, ń da ẹ̀fọn láti oríṣiríṣi ìlú ní Áfíríkà pọ̀, àwọn kan bímọ fún ara wọn, ṣùgbọ́n àwọn akọ inú ọmọ náà kò lè bímọ. Ẹni tó bá mọ ìbaaka, ọmọ ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, yóò ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ: ẹ̀yà àwọn òbí kò dọ́gba, bó ti wù kí ojú wọn jọra tó. Báyìí ni wọ́n ṣe ya A, B àti C sọ́tọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. B ni a wá ń pè ní Anopheles arabiensis. Èyí tó ń yé sínú omi oníyọ̀ létíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, irú omi tí kò ṣàjèjì sí àwọn ará Ìlàjẹ, ni melas.

Àwọn abo inú ọmọ àmúlùmálà wọ̀nyí kò yàgàn. Bí irú abo bẹ́ẹ̀ bá padà gba akọ láti ẹ̀yà ìyá tàbí ti bàbá rẹ̀, àbùdá ẹ̀yà kejì yóò bá a wọlé, ẹnikẹ́ni kò sì ní fura.

Mario Coluzzi, ará Ítálì, tó fi kromosóòmù ẹ̀fọn, àwọn okùn tín-ín-rín inú ara tó ń gbé àbùdá, ṣe iṣẹ́ ọjọ́ ayé rẹ̀, tó sì ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀ ní Garki ní ìhà àríwá Nàìjíríà, rí i pé inú A fúnra rẹ̀ pàápàá ti ń pín. Ní 2001, wọ́n pe ìpín méjì náà ní M àti S. Ní 2013, lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n sọ M ní Anopheles coluzzii, S sì ń jẹ́ gambiae lọ. Àmúlùmálà àwọn méjì yìí ń bímọ dáadáa, takọtabo. Ohun tó yà wọ́n nípa ni ibi ìpàdé: ní ìrọ̀lẹ́, akọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan a máa rọ́ jọ lójú òfuurufú, abo a sì wá wọ àárín wọn. Ìpàdé náà a máa ṣì, pàápàá ní Guinea-Bissau, níbi tí àmúlùmálà ti pọ̀ ju ti ibòmíràn lọ.

Irú àṣìpàdé yìí ló gbé àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní kdr, tó ń jẹ́ kí ẹ̀fọn yè é lọ́wọ́ oògùn tí a fi ń rẹ nẹ́ẹ̀tì, láti inú gambiae bọ́ sínú coluzzii. Ní Mali, àsìkò tí wọ́n ń pín nẹ́ẹ̀tì olóògùn káàkiri gan-an ni àbùdá náà tàn kálẹ̀ nínú coluzzii. Ní 2015, nígbà tí wọ́n ka odidi àbùdá àwọn ẹ̀yà ìdílé náà pọ̀, wọ́n rí i pé arabiensis àti gambiae ti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan lọ́wọ́ ara wọn láti ayébáyé. Ojú kò lè rí ìkankan nínú èyí. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lára ẹ̀fọn tí a pa sára ògiri tó fún ilé àyẹ̀wò láti fi mọ ẹ̀yà rẹ̀.