Ìkéde òótọ́ lórí ọjà tí a rà láti òkè òkun

Ìkéde ọjà ni àkọsílẹ̀ tí ẹni tó fi ẹrù ránṣẹ́ láti ilẹ̀ òkèèrè ń ṣe fún aṣọ́bodè nípa ohun tó wà nínú ẹrù, iye rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ àti ìdí tí ó fi fi í ránṣẹ́. Ó jẹ́ òótọ́ nígbà tí iye tó wà níbẹ̀ bá jẹ́ iye tí olùrà san gan-an, tí orúkọ tí a pe ọjà sì bá ohun tó wà nínú páálí mu.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀

Ọ̀rọ̀ ibodè kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Láyé ọjọ́un, oníbodè ló ń jókòó sí ẹnubodè odi ìlú, tí ó ń gba owó ibodè lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tó ń wọlé àti àwọn tó ń jáde. Ojúkojú ni oníbodè ń rí ẹrù lórí ẹlẹ́rù; páálí tí wọ́n ti lẹ̀ pa ni aṣọ́bodè òde òní ń rí, nítorí náà ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gbára lé.

Fọ́ọ̀mù

Ẹrù tó bá gba ilé ìfìwéránṣẹ́ wá máa ń ní fọ́ọ̀mù CN22 tàbí CN23 lára, èyí tí Universal Postal Union, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1874, là kalẹ̀. CN22 wà fún ẹrù kékeré tí iye rẹ̀ kò pọ̀, CN23 sì gba àlàyé jù ú lọ. Lórí méjèèjì ni àyè wà láti fàmì sí bóyá ẹrù náà jẹ́ ẹ̀bùn, ìwé, àpẹẹrẹ ọjà tàbí ọjà títà. Àmì ẹ̀bùn ni àwọn olùtajà sábà máa ń ṣì lò, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń rò pé oore ni wọ́n ń ṣe fún oníbàárà. Ọjà tí a fowó rà kì í ṣe ẹ̀bùn láàárín olùtajà àti olùrà, ìbáà jẹ́ ẹ̀dínwó ni a fi rà á, ìbáà sì jẹ́ pé olùrà fẹ́ fi ta ìyá rẹ̀ lọ́rẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tó bá dé.

Orúkọ ọjà náà ṣe kókó. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá bá ra bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré láti Ṣáínà fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, “ẹ̀yà ẹ̀rọ” lásán kò tó. “Bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà, mẹ́ta, tuntun” ló yé aṣọ́bodè, pàápàá bí nọ́mbà HS onídíjíìtì mẹ́fà tí wọ́n fi ń pín ọjà sí ìsọ̀rí, tí wọ́n ti ń lò káàkiri àgbáyé láti ọdún 1988, bá tẹ̀ lé e.

Iye ọjà àti owó ibodè

Ní Nàìjíríà, iye tí a san fún ọjà, owó ọkọ̀ àti owó adójútòfò ni wọ́n ń ṣírò pọ̀. Ìpele márùn-ún ni owó ibodè àjọ ECOWAS ní: 0, 5, 10, 20 àti 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọjà 360 dọ́là tí owó ọkọ̀ àti adójútòfò rẹ̀ jẹ́ 40 yóò di 400. Bí ó bá bọ́ sí ìpele 20, owó ibodè rẹ̀ jẹ́ 80, owó-orí VAT tó jẹ́ 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún lórí 480 sì jẹ́ 36, láìka àwọn owó kéékèèké mìíràn.

Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, Iléeṣẹ́ Aṣọ́bodè Nàìjíríà ti yọ owó ibodè kúrò lórí ẹrù tí iye rẹ̀ kò ju 300 dọ́là lọ, kò sì gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún. Ẹni tó bá ní kí wọ́n kọ 50 sára ọjà 360 yìí ti wọ abẹ́ ìdáríjì tí kò tọ́ sí i.

Bí ìkéde kò bá jẹ́ òótọ́

Aṣọ́bodè lè tún iye ọjà dá, kó gba owó ìtanràn tàbí kó gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù. Bí ẹrù bá sì sọnù lọ́nà, iye tí wọ́n kọ sórí fọ́ọ̀mù ni wọ́n sábà máa ń wò láti san owó gbà-máà-bínú, kì í ṣe iye tí olùrà ná. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé olùtajà ló kọ fọ́ọ̀mù, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gba ẹrù ni wọ́n ti máa ń béèrè owó ibodè, rìsíìtì tó fi sanwó ló sì lè mú jáde láti fi ṣàtúnṣe iye tí kò tọ̀nà.