Healthcare plan: ìwé tó ń bá oògùn ọmọ yín wọ iléèwé ní England

Ọ̀pọ̀ òbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ọmọ dé England ló rò pé bí wọ́n bá ti di oògùn sínú báàgì ọmọ, tí wọ́n sì kìlọ̀ fún un pé kó má gbàgbé láti lò ó lọ́sàn-án, ó parí náà nìyẹn. Kò tíì parí. Tíṣà tó bá rí i yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ìwé ni iléèwé máa kọ́kọ́ béèrè, èyí tó sì lágbára jù nínú wọn ni healthcare plan. Àkọsílẹ̀ ni, tí òbí, iléèwé àtàwọn elétò ìlera jọ ń ṣe nípa ọmọ kan ṣoṣo: ohun tó ń ṣe é, ohun tí ara rẹ̀ ń fẹ́, àti ohun tí wọ́n máa ṣe bí nǹkan bá yíwọ́.

Òfin wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí. Abala 100 nínú Children and Families Act ti ọdún 2014 ló gbé e lé àwọn alákòóso iléèwé ìjọba lọ́rùn pé kí wọ́n ṣètò fún ọmọ tó bá ní àìsàn lára. Oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. England nìkan ló wà fún o. Scotland àti Wales ní tiwọn. Kì í sì í ṣe gbogbo ọmọ tó ń sín ló nílò plan. Àwọn bí ọmọ tó ní ìtọ̀ súgà, wárápá, asthma tó le, tàbí fòníkú-fọ̀ladìde ni mò ń bá wí.

Fòníkú-fọ̀ladìde ni kí a fi ṣe àpẹẹrẹ, torí ó pọ̀ láàárín wa. Ká ní ọmọ ọdún mẹ́jọ kan wà ní Peckham, ní London, tó ní i. Òùngbẹ, òtútù àti eré àṣejù wà lára ohun tó máa ń ta ìrora rẹ̀ jí. Nítorí náà, plan rẹ̀ yóò sọ pé kí ìgò omi wà lórí tábìlì rẹ̀ látàárọ̀ dọ̀sán, kí ẹnikẹ́ni má sì dá a dúró bó bá fẹ́ lọ tọ̀, torí kíndìnrín irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í lè dá omi dúró bíi ti ẹlòmíràn. Yóò sọ pé bí òjò tàbí òtútù bá mú, inú ilé ni kó ti ṣeré. Bí ẹsẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, oògùn wo ni wọ́n máa fún un, báwo ló ṣe máa pọ̀ tó, ta ni wọ́n máa pè? Bí ara rẹ̀ bá gbóná dé 38, bí àyà bá ń dùn ún, tàbí tí apá kan ara rẹ̀ bá ṣàdédé rọ, kí ni ṣíṣe? Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Tíṣà tí kò rí irú àìsàn yìí rí lè pe ọmọ náà ní ọ̀lẹ bó bá sùn lórí tábìlì. Ìwé yẹn ni yóò bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí oògùn fúnra rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, wọn kì í fún un lóògùn láìjẹ́ pé òbí fọwọ́ sí ìwé. Èyí tí dókítà kọ fún un gbọ́dọ̀ wà nínú páálí tàbí ìgò tí apòògùn fi fún yín, kí orúkọ ọmọ àti bó ṣe máa lò ó wà lára rẹ̀, kí ọjọ́ rẹ̀ má sì tíì kọjá. Insulin, oògùn ìtọ̀ súgà, nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda pé ó lè wà nínú pen (abẹ́rẹ́ tó dà bíi bírò) tàbí pump (ẹ̀rọ tó ń fà á sára) rẹ̀. Èyí tí ẹ rà ní Ìdúmọ̀tà tí ẹ wé sínú ọ̀rá, wọn ò ní fọwọ́ kàn án. Àgbo inú ìgò ńkọ́? Ẹ má wulẹ̀ gbé e dé ẹnu ọ̀nà. N kò bá yín jiyàn bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Aspirin pàápàá, àfi bí dókítà bá kọ ọ́. Bí wọ́n bá sì fẹ́ fún ọmọ ní paracetamol, wọ́n á kọ́kọ́ wádìí ìgbà tó lò ó kẹ́yìn, ẹ rántí sọ bí ẹ bá ti fún un láàárọ̀. Oògùn ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ sábà máa ń ṣeé lò nílé: àárọ̀, ìgbà tó bá dé láti iléèwé, àti ìgbà tó bá fẹ́ sùn.

Kì í ṣe gbogbo oògùn ni wọ́n ń tì pa. Inhaler gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ ọmọ ti máa tó o kíá. Àwọn oògùn tí òfin ń ṣọ́, bíi methylphenidate tí wọ́n ń fún ọmọ tó ní ADHD (àìlèfọkànsí nǹkan, àìlèjókòó jẹ́ẹ́), ló ń wà nínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́. Láti oṣù kẹwàá 2014 ni iléèwé ti láṣẹ láti ra inhaler pàjáwìrì pa mọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tí òbí rẹ̀ bá ti fọwọ́ sí i nìkan ni wọ́n lè fún.

Ta wá ni yóò fún un? Nọ́ọ̀sì kan lè máa bójú tó iléèwé bíi mélòó kan, nítorí náà ó lè má sí nítòsí. Wọ́n lè bẹ tíṣà kan, wọn ò lè fi dandan mú un. Ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó bá iṣẹ́ náà mu. Àmọ́ kò tọ́ kí iléèwé fi dandan pe ìyá tó wà lẹ́nu shift ní care home pé kó máa wá fún ọmọ rẹ̀ lóògùn. Bí wọ́n bá ń pè yín bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n mú plan jáde.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwa kan ń fi àìsàn ọmọ pa mọ́ nítorí ẹnu ayé. "Kí wọ́n má baà máa wo ọmọ mi bákan." Ìwé tí ẹ kò sọ òótọ́ sínú rẹ̀ kò lè gba ọmọ yín sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ìrora bá dé. Ẹ sì lè sọ ẹni tí ẹ fẹ́ kó gbọ́ àti ẹni tí ẹ kò fẹ́.

Ọ́fíìsì iléèwé ni kí ẹ ti béèrè, kí ẹ mú lẹ́tà dókítà dání. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n gbọ́dọ̀ tún plan yẹ̀ wò. Bí oògùn bá yí padà kí ọdún tó pé, ẹ sọ fún wọn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì gba ẹ̀dà tuntun sọ́wọ́.