Kéèkì red velvet alájà: kí ló ń sọ pupa rẹ̀ di búráùn?

Ìbéèrè: Àwọ̀ pupa wà nínú kéèkì red velvet (kéèkì pupa tó ní kòkó díẹ̀ nínú) dáadáa, síbẹ̀ ó ń jáde ní búráùn. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Kòkó ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Páúdà kòkó kan wà tí kíkan rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Òmíràn wà tí wọ́n ti fi èròjà tó jọ káún pa kíkan náà. Èyí tí wọ́n pa kíkan rẹ̀ máa ń dúdú, á sì bo pupa mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí "alkali" tàbí "Dutch" lára páálí rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Gíráàmù 15 tó fún ìyẹ̀fun gíráàmù 300. Bó bá fi púpọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kéèkì ṣokoléètì lẹ ń ṣe yẹn.

Baking soda, páúdà tó ń mú kéèkì wú, náà lè bà á jẹ́. Bó bá pọ̀ ju ohun kíkan tí yóò pa á lọ, èyí tó ṣẹ́ kù á mú kí kéèkì ṣú dúdú, á sì máa ta bí ọṣẹ lẹ́nu. Ooru tó ju 175°C lọ náà ń jó ẹ̀yìn rẹ̀ kí àárín tó jinná.

Àwọ̀ tó ki bíi jẹ́ẹ̀lì ló dára jù, ṣíbí kékeré kan sí méjì. Èyí tó ṣàn bí omi kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àpòpọ̀ náà pupa ju bí ẹ ṣe fẹ́ kí kéèkì rí lọ, torí iná á dín in kù. (Omi bíítì? Iná ń pa pupa rẹ̀.)

Ìbéèrè: Wọ́n ní kòkó àti fínígà nìkan lè sọ ọ́ di pupa. Ṣé lóòótọ́ ni?

Ìdáhùn: Díẹ̀. Ohun kíkan ń mú kí kòkó tí wọn ò pa kíkan rẹ̀ fà sí pupa, àmọ́ búráùn tó pọ́n díẹ̀ lẹ máa rí.

Ìbéèrè: Ìwọ̀n wo ló yẹ fún ìpele méjì, páànù 20 cm?

Ìdáhùn: Ìyẹ̀fun gíráàmù 300, ṣúgà 300, kòkó 15, ẹyin 2, òróró 240 ml, wàrà kíkan (buttermilk) 240 ml, baking soda, fínígà àti fànílà, ṣíbí kékeré kọ̀ọ̀kan, iyọ̀ ìdajì ṣíbí kékeré. Bí kò bá sí wàrà kíkan, ẹ da fínígà 15 ml sínú mílíìkì 225 ml, kí ó dúró fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ má pò ó pẹ́ mọ́ ìyẹ̀fun, kéèkì á le. Ẹ gbé e sínú ààrò kíá, torí soda ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kété tó bá kan wàrà. Ìṣẹ́jú 28 sí 32 ní 175°C.

Ìbéèrè: Kí ló ń mú kí àjà òkè (kéèkì tí wọ́n gbé lé orí òmíràn) rì?

Ìdáhùn: Áísìn cream cheese (wàràkàṣì rírọ̀) kò lè gbé ẹrù. Ọ̀pá tín-ín-rín mẹ́rin tàbí márùn-ún ni kí ẹ gún sínú àjà ìsàlẹ̀, kí gbogbo wọn gùn dọ́gba, kí wọ́n sì bá ojú rẹ̀ mu gẹ́lẹ́. Páálí líle tó wà lábẹ́ àjà òkè ni yóò jókòó lé wọn. Ẹ gbé àjà ìsàlẹ̀ sínú fíríìjì kí ó le kí ẹ tó tò ó.

Áísìn fúnra rẹ̀ ń ṣàn bí ẹ bá lu cream cheese pẹ́, torí omi inú rẹ̀ ń jáde. Ẹ kọ́kọ́ lu bọ́tà gíráàmù 115 àti ṣúgà áísìn 300, kí ẹ tó fi cream cheese tútù 225 sí i. Bó bá ti dán, ẹ dúró. Níbi tó bá gbóná, ẹ fi áísìn cream cheese mọ sí àárín ìpele, kí ẹ fi áísìn bọ́tà bo ẹ̀yìn.