Ọgbọ́n àtọwọ́dá àti àtinúdá ọmọnìyàn nínú iṣẹ́ ọnà

Ọgbọ́n àtọwọ́dá, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní AI, ti di irinṣẹ́ fún àwọn ayàwòrán, olórin, òǹkọ̀wé àti àwọn tó ń ṣe fíìmù. Ó lè ya àwòrán, kọ ewì tàbí hun orin láti inú gbólóhùn díẹ̀ tí ènìyàn bá tẹ̀ fún un. Ohun tó ń fa àríyànjiyàn jù ni ibi tí ọwọ́ ènìyàn parí sí nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àti owó dúró lé.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1843 ni Ada Lovelace, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ ọ́ pé ẹ̀rọ ìṣirò lè hun orin bí a bá lè fi òfin ṣàlàyé bí ohùn ṣe ń bá ara wọn mu. Ní 1957, Lejaren Hiller àti Leonard Isaacson fi kọ̀ǹpútà hun orin fún àwọn ohun èlò orin olókùn, mẹ́rin lápapọ̀, ní Yunifásítì Illinois. Lẹ́yìn náà ni ayàwòrán Harold Cohen ṣe AARON, ètò kọ̀ǹpútà tó ń yàwòrán, Cohen sì ń tún un ṣe títí òun fúnra rẹ̀ fi kú ní 2016. Cohen fúnra rẹ̀ ló kọ òfin tí AARON ń tẹ̀lé. Ẹ̀rọ náà kò kọ́ ọnà lára iṣẹ́ ẹlòmíràn.

Ti òde òní yàtọ̀. LAION-5B, àkójọ tí wọ́n mú lára rẹ̀ kọ́ Stable Diffusion, ẹ̀rọ AI tó ń yàwòrán, tọ́ka sí àwòrán tó lé ní bílíọ̀nù 5 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó ṣàpèjúwe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà ìkẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á da àmì wúruwùru bo àwòrán díẹ̀díẹ̀ títí kò fi ní hàn mọ́, ẹ̀rọ á sì kọ́ bí a ṣe ń yọ ọ́ kúrò. Bí ènìyàn bá wá tẹ ọ̀rọ̀, wúruwùru lásán ni ẹ̀rọ á fi bẹ̀rẹ̀, á máa yọ ọ́ títí àwòrán tó bá ọ̀rọ̀ náà mu á fi jáde. Kì í ṣe pé ó ń gé àwòrán kan lẹ̀ mọ́ òmíràn, bí àwọn kan ṣe rò. Síbẹ̀, láìsí iṣẹ́ àwọn tó ti yàwòrán ṣáájú, kò ní mọ ohunkóhun, ìdí sì nìyí tí àwọn ayàwòrán kan fi gbé àwọn ilé iṣẹ́ AI lọ sí ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà ní 2023.

Ní 2018, àwòrán kan tí ẹgbẹ́ Obvious ti ìlú Paris fi AI ṣe tà ní 432,500 dọ́là ní gbàǹjo Christie's ní New York. Ní 2022, àwòrán tí Jason Allen fi Midjourney, irinṣẹ́ AI mìíràn tó ń yàwòrán, ṣe gba ẹ̀bùn níbi ìdíje kan ní ìpínlẹ̀ Colorado. Ó ní òun tún ọ̀rọ̀ tí òun tẹ̀ ṣe ní ìgbà 624 ó kéré tán, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ àdàkọ ní Amẹ́ríkà kọ̀ láti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Nínú ẹjọ́ mìíràn, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn níbẹ̀ náà sọ ní 2025 pé ènìyàn nìkan ni òfin mọ̀ gẹ́gẹ́ bí aṣẹ̀dá. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1988 gba ọ̀nà mìíràn: ẹni tó ṣètò bí iṣẹ́ náà ṣe jáde láti inú kọ̀ǹpútà ni òfin kà sí aṣẹ̀dá rẹ̀.

Lórí àtinúdá gan-an, Anil Doshi àti Oliver Hauser gbé ìwádìí jáde ní 2024. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn kọ ìtàn kúkurú, wọ́n sì jẹ́ kí AI fún àwọn kan ní èrò. Àwọn tó kà á sọ pé ìtàn àwọn tó gba èrò lọ́wọ́ AI dára jù, pàápàá ti àwọn tí àtinúdá wọn kò fi bẹ́ẹ̀ jinlẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìtàn náà jọra wọn ju ti àwọn tó dá kọ tiwọn lọ. Àbájáde yìí tọ́ sí àkíyèsí ju ariwo pé ẹ̀rọ á gba iṣẹ́ ọnà lọ́wọ́ ènìyàn, nítorí ó fi hàn pé ohun tó jẹ́ èrè fún ẹnì kan lè dín oríṣiríṣi tó wà lápapọ̀ kù.

Irinṣẹ́ náà ní ìlò tí kò fi bẹ́ẹ̀ fa ìjà. Òun ni wọ́n fi ya ohùn John Lennon sọ́tọ̀ kúrò lára dùùrù nínú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́, tí The Beatles fi parí orin wọn kan tó jáde ní 2023. Ṣùgbọ́n ní ọdún kan náà, WGA, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé fíìmù àti tẹlifíṣàn ní Amẹ́ríkà, daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ 148. Àdéhùn tó parí ìyanṣẹ́lódì náà sọ pé òǹkọ̀wé lè lo AI bí ilé iṣẹ́ bá gbà, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ kò gbọdọ̀ fi dandan mú un lò ó.