Ibi Tí Ọmọ Bá Wà Ni Abẹ́rẹ́ Rẹ̀ Gbọ́dọ̀ Wà

Nígbàkígbà tí àkókò ìsinmi bá ti ń sún mọ́lé, irú ìbéèrè kan náà ni àwọn òbí máa ń gbé wá bá mi. Wọ́n ti sanwó ọgbà ìgbafẹ́ ńlá tí àwọn ọmọ yóò ti gun ẹ̀rọ ìṣeré, wọ́n ti gba àyè tí wọn yóò pàgọ́ sí lẹ́bàá rẹ̀, wọ́n ti ra àgọ́ àti tìmùtìmù àti iná tọ́ọ̀ṣì. Ohun kan ṣoṣo tó kù tí wọ́n fẹ́ gbọ́ lẹ́nu dókítà ni ilé oúnjẹ tó dára jù fún ọmọ ọdún méjì tí ara rẹ̀ kọ wàrà tàbí ẹ̀pà. Èmi a sì bi wọ́n pé níbo ni abẹ́rẹ́ epinephrine ọmọ náà wà, ìyẹn oògùn pàjáwìrì tí a ń gún fún ọmọ bí oúnjẹ tí ara rẹ̀ kọ̀ bá ti wọ ẹnu rẹ̀ tó sì fẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀. Wọn a ní ó wà nílé, tàbí ó wà nínú ọkọ̀, tàbí ọ̀kan péré ni àwọn ní, àwọn kò sì rántí ìgbà tí ọjọ́ rẹ̀ yóò kọjá. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í sọ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀.

Lórí oúnjẹ inú ọgbà fúnra rẹ̀, n kò ní pẹ́. Àwọn ọgbà ńláńlá ti mọ ìṣòro yìí tipẹ́. Bí ẹ bá kọ̀wé ṣáájú, ọ̀pọ̀ wọn ni yóò jẹ́ kí ọ̀gá alásè bá yín sọ̀rọ̀, àwọn tí kì í jẹ́ kí ènìyàn gbé oúnjẹ wọlé pàápàá sábà máa ń gbà bí ẹ bá ṣàlàyé pé nítorí àìlera ọmọ ni. Ẹ gba ìdáhùn náà ní àkọsílẹ̀, kí ẹ sì mú un dání dé ẹnu géètì, nítorí ẹni tó ń yẹ àpò wò kọ́ ni ẹni tó fèsì lẹ́tà yín. Ẹ yẹra fún ohunkóhun tí a dín nínú òróró àjùmọ̀lò, àti áísìkiriìmù tí ṣíbí kan náà ń ti inú ike kan bọ́ sínú òmíràn. Ẹ máa ka ara páálí oúnjẹ, kí ẹ sì mọ̀ pé òfin kò dọ́gba káàkiri: irú oúnjẹ mẹ́sàn-án ni òfin Amẹ́ríkà fi dandan lé kí a dárúkọ, láti ìgbà tí yànmọ̀tí ti di ara wọn ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, nígbà tí ti Yúróòpù jẹ́ 14.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí ni ibi tí ẹ pàgọ́ sí. Nínú ọgbà, ojú yín là sílẹ̀, ọmọ wà nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹ sì ń béèrè ohun tó wà nínú gbogbo oúnjẹ kí ẹ tó rà á. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, tí ẹ padà sídìí àgọ́, ó ti rẹ àgbà, ó ti rẹ ọmọ, ilẹ̀ ń ṣú, àwọn ọmọ àgọ́ kejì ń sáré káàkiri pẹ̀lú bisikíìtì lọ́wọ́, olúkúlùkù sì rò pé ẹlòmíràn ló ń ṣọ́ ọmọ. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn kì í béèrè nǹkan kan. Ohun tó bá he nílẹ̀, ẹnu ló ń gbà lọ. Ẹ tún wo ife ọlọ́mọrí tí àwọn ọmọ fi ń mu nǹkan: gbogbo wọn ló jọ ara wọn, ẹ kò sì lè ti ìta mọ̀ bóyá omi ló wà nínú rẹ̀ tàbí wàrà, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ọdún méjì yóò gbé ti ẹni tó jókòó tì í mu láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi tépù aláwọ̀ tó dá yàtọ̀ yí ife tiyín ká. Ẹ lọ bá àwọn tó pàgọ́ sítòsí lójúkojú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sọ fún wọn pé ọmọ yín kò gbọ́dọ̀ gba oúnjẹ tàbí ohun mímu lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò sí ìtìjú nínú èyí rárá.

Tábìlì tí ẹ bá bá níbẹ̀, ẹlòmíràn ti jẹun lórí rẹ̀ lánàá, nítorí náà ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́. Sànìtáísà tí ẹ ń fi pa ọwọ́ ń pa kòkòrò àrùn, ṣùgbọ́n ẹ̀pà kì í ṣe kòkòrò, èròjà inú rẹ̀ tí ara ọmọ kọ̀ yóò sì wà lọ́wọ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ọṣẹ àti omi ló ń gbé e kúrò, tàbí aṣọ ìnuwọ́ tútù bí omi bá jìnnà. Irin tí a fi ń yan ẹran ní ibùdó náà ńkọ́? Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e pé iná yóò jó ohun gbogbo tó lẹ̀ mọ́ ọn dànù. Ẹ gbé páànù tiyín dání, kí ẹ sì kọ́kọ́ se ti ọmọ kí ẹ tó se ti àwọn yòókù.

Ẹ jẹ́ kí n wá padà sórí abẹ́rẹ́, nítorí òun gan-an ni mo torí rẹ̀ mú gègé. Méjì ni kí ẹ mú dání, nítorí ìgbà mìíràn wà tí ọ̀kan kò ní tó, tí ìkejì yóò sì di dandan lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5 sí 15. Kí méjèèjì wà nínú àpò kan, kí àpò náà má sì kúrò lára àgbàlagbà tó wà lọ́dọ̀ ọmọ. Lọ́dọ̀ ọmọ ni mo wí, n kò sọ pé lọ́dọ̀ ìyá ọmọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń ṣìṣe nìyí: ọmọ kékeré kò ga tó ẹni tí a ń gbà sórí àwọn ẹ̀rọ tó ń sáré, nítorí náà bàbá yóò dúró ti ọmọ títí ìyá yóò fi gùn ún tán, lẹ́yìn náà wọn yóò gba ipò ara wọn. Ìyá gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó tò sórí ìlà, wọ́n sì ní kó fi àpò sínú àpótí onítìípa kí ó tó gun ẹ̀rọ. Abẹ́rẹ́ ọmọ ti wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ báyìí, ìyá wà lókè lọ́hùn-ún, ọmọ sì wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá tí kò mú nǹkan kan lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí àpò abẹ́rẹ́ dá dúró, kí ó má sí owó tàbí fóònù nínú rẹ̀, ẹni tó bá gba ọmọ ni kó gba àpò náà, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Ó ti wà lọ́wọ́ mi." Lálẹ́, inú àgọ́ tí ọmọ sùn sí ni kó wà, níbi tí ọwọ́ àgbà yóò ti tó o nínú òkùnkùn.

Ooru ni ọ̀tá oògùn yìí. Ìwọ̀n 20 sí 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni kí a máa tọ́jú rẹ̀ sí, ó sì lè fara da 15 sí 30 fún ìgbà díẹ̀. Ọkọ̀ tí a gbé sínú oòrùn lè fi nǹkan bí ìwọ̀n 10 gbóná sí i láàrin ìṣẹ́jú 10 péré, kò sì ní dúró síbẹ̀. Àgọ́ tí a dì pa lọ́sàn-án kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń rì í mọ́ àárín yìnyín pẹ̀lú ohun mímu, ẹ ń gba ọ̀nà mìíràn bà á jẹ́ ni, nítorí kò gbọ́dọ̀ dì. Àpò kékeré tí kì í jẹ́ kí ooru wọlé ti tó, kí ẹ ṣáà fi aṣọ ya yìnyín inú rẹ̀ kúrò lára abẹ́rẹ́. Bí abẹ́rẹ́ yín bá ní ojú gíláàsì kékeré lára, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀: omi inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ gaara. Bó bá ti yí àwọ̀ padà, tàbí tí nǹkan ń léfòó nínú rẹ̀, ẹ wá òmíràn kí ẹ tó wọ ọgbà. Kí ẹ tó kúrò nílé pàápàá, ẹ tún ọmọ wọ̀n, nítorí ọmọ wẹ́wẹ́ ń yára dàgbà. Abẹ́rẹ́ 0.1 mg wà fún ọmọ tó wọ̀n láti kílò 7.5 dé 15, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í rí i rà níbi gbogbo, 0.15 mg wà fún ẹni kílò 15 dé 30. Níbi tí kò bá ti sí èyí tó kéré, dókítà lè pinnu pé kí ọmọ tí kò tó kílò 15 lo 0.15. Dókítà ló ń pinnu bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ohun tí òbí ń dá wọ̀n fún ara rẹ̀.

Èyí mú mi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ba iṣẹ́ wa jẹ́. "Ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀, yóò mọ́ ọn lára." Ó ti di ohun tí ẹnikẹ́ni ń fi ẹnu pín kiri, bí ẹni pé a kò fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 1902, Charles Richet àti Paul Portier, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé, ronú bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Wọ́n fún ajá ní oró ẹ̀dá inú òkun kan díẹ̀ kí ara rẹ̀ lè le sí oró náà. Nígbà tí wọ́n tún fún un ní ìwọ̀nba díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ajá tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá kò lè mí dáadáa mọ́, kò sì pẹ́ tó fi kú. Iṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Richet torí rẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1913. Àwọn mìíràn á ní ṣebí àwọn dókítà náà ló ń sọ pé kí a tètè fún ọmọ ọwọ́ ní ẹ̀pà. Òótọ́ ni pé ìwádìí LEAP tí Gideon Lack darí, tó jáde ní 2015, fi hàn pé àwọn ọmọ ọwọ́ tó tètè bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ẹ̀pà kì í sábà ní àlẹ́jì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdènà nìyẹn, kì í ṣe ìwòsàn, àwọn ọmọ tí ìdánwò awọ ara ti fi hàn gedegbe pé ara wọn kọ ẹ̀pà ni a kò tilẹ̀ gbà sínú ìwádìí náà. Ìtọ́jú kan wà tí a fi ń fún ọmọ tí àlẹ́jì rẹ̀ ti fìdí múlẹ̀ ní oúnjẹ náà ní ìwọ̀n kín-ún kín-ún; ojú akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, níbi tí oògùn wà ní àrọ́wọ́tó, kì í ṣe nídìí iná àgọ́. Ní ti àwọn tó ń ta ìdánwò IgG, ìyẹn ìdánwò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ní ó ń fi oúnjẹ tí ara ọmọ kọ̀ hàn, tí wọ́n ń fi orúkọ oúnjẹ kún ìwé lé òbí lọ́wọ́, ohun tí ìdánwò náà ń sọ ni pé ọmọ ti jẹ oúnjẹ wọ̀nyẹn rí. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà àlẹ́jì ní Yúróòpù kìlọ̀ nípa rẹ̀ ní 2008, ti Kánádà kìlọ̀ ní 2012, síbẹ̀ wọ́n ń tà á.

Àṣìṣe tí mo sì ń bá pàdé jù ni ti oògùn ara yíyún. Ìdílé kan wà tí mo ń tọ́jú ọmọbìnrin wọn, kò tíì pé ọdún méjì, wàrà ni ara rẹ̀ kọ̀. Nínú ọgbà, wọ́n ṣe ohun gbogbo bó ti yẹ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Nídìí àgọ́ ni ọmọ náà ti mu nínú ife ọmọ aládùúgbò. Ó bì, ìyá rẹ̀ rò pé oòrùn ọ̀sán ni. Ara rẹ̀ lé wúlewùle, wọ́n fún un ní oògùn ara yíyún, wọ́n jókòó tì í láti wò ó bóyá yóò lọ. Ara tó lé náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ lóòótọ́, ohun tó sì tàn wọ́n jẹ nìyẹn, nítorí ohùn ẹkún ọmọ náà ti ha, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ara rẹ̀ sì rọ bí aṣọ tí a rì sómi. Wọ́n ní oorun ló ń kùn ún, wọ́n gbé e wọ àgọ́. Obìnrin kan tó ń kọjá lọ ló gbọ́ bó ṣe ń mí, tó fi pariwo. Abẹ́rẹ́ wà nínú ọkọ̀, ọkọ̀ wà ní òdìkejì ibùdó. Bàbá sáré lọ mú un, ìyá sì gbé ọmọ dúró lé èjìká, ó ń sáré lọ sí ẹnu géètì. Lójú ọ̀nà ni ọmọ náà ti funfun, tí kò dáhùn mọ́. Abẹ́rẹ́ méjì ni wọ́n fún un kí ó tó lajú.

Oògùn ara yíyún ń mú kí ara má yún mọ́. Kò lè ṣí ọ̀fun tó ń dí, kò sì lè gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tó ń já wálẹ̀ dìde. Epinephrine ló ń ṣe méjèèjì, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ fún ọmọ. Ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ kò ní sọ pé ọ̀fun òun ń há. Ó lè máa fi ọwọ́ fa ahọ́n rẹ̀, ó lè máa wúkọ́, ó lè bì léraléra, ó sì lè ṣàdédé dákẹ́ lẹ́yìn ìgbà tó jẹun, láìsí pé nǹkan kan hàn lára awọ rẹ̀. Ẹ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú ṣinṣin kí ó má ta, ẹ gún abẹ́rẹ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ ìta àárín itan, láti orí aṣọ pàápàá, kí ẹ sì dì í mú síbẹ̀ fún ìgbà tí ìwé rẹ̀ bá sọ. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè; bí mímí bá ṣòro fún un, ẹ jẹ́ kó jókòó, bó bá sì ń bì, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Ẹ má gbé e nàró, ẹ má jẹ́ kó rìn, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè ṣàìtó padà sí ọkàn bó bá dìde lójijì, ó sì ti pa àwọn kan. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ aláìsàn wá bá a níbi tó wà. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ kọ nọ́ńbà àyè tí ẹ pàgọ́ sí sára àpò abẹ́rẹ́ náà ní ọjọ́ tí ẹ dé, kí ẹ dán fóònù wò níbẹ̀, kí ẹ sì bi ẹni tó wà lẹ́nu géètì bóyá a máa ń tì í lóru.

Bí ara ọmọ bá ti yá tán, ẹ má gbé e padà sínú àgọ́. Ìṣòro náà lè padà wá lẹ́yìn wákàtí mélòó kan láìjẹ́ pé ó tún jẹ nǹkan kan, nítorí náà bí wọ́n bá ní kí ẹ sùn mọ́jú ní ilé ìwòsàn, ẹ sùn mọ́jú. Ti tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kejì, ẹ fi ìwé ilé ìwòsàn ránṣẹ́ sí ọgbà náà, kí ẹ ní kí wọ́n sún un síwájú. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ ní kí dókítà kọ abẹ́rẹ́ méjì tuntun fún yín, kí ẹ sì rà wọ́n kí ẹ tó padà sídìí àgọ́, nítorí èyí tí ẹ lò ti tán.